Kọ̀ǹpútà tó ń pirọrọ ní Agbowó: bí a ṣe rí ohun tí kì í jẹ́ kó sùn mọ́jú

Ẹ̀rọ tí mò ń kọ nípa rẹ̀ yìí jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, tòkunbọ̀, tó ń lo Windows 10, ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Agbowó, lódìkejì ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹjọ́ tí àǹtí tó ni ṣọ́ọ̀bù rò fún mi kò gùn. Wọ́n ní gbogbo alẹ́ làwọn máa ń tẹ Sleep, àṣẹ tó ń fi kọ̀ǹpútà sùn láìpa á, kí àwọn tó tilẹ̀kùn. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ náà á sùn, á sì sùn mọ́jú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n á ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, wọ́n á bá fáànù tó ń yí, àpótí á ti gbóná, bátìrì inverter á sì ti lọ sílẹ̀. Lọ́sàn-án pàápàá, tí gbogbo wọn bá kúrò nídìí rẹ̀, ó lè sùn lónìí kó má sùn lọ́la. "Ẹnjiníà, ó ní ọjọ́ tó máa ń wù ú," ni wọ́n wí. Wàhálà náà ti pẹ́ lọ́rùn wọn kí wọ́n tó pè mí.

Ẹnìkan á bèèrè pé kí ló dé tí wọn ò kàn pa á. Èmi náà bi wọ́n. Ní àsìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń parí iṣẹ́ àkànṣe wọn, ìwé ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn ló máa ń wà ní ṣíṣí lójú kọ̀ǹpútà yẹn lẹ́ẹ̀kan náà: èyí tí wọ́n ti tẹ̀ dé orí kẹta, èyí tí olùkọ́ dá padà pẹ̀lú àtúnṣe, àwòrán tí wọ́n ṣì ń tò sójú ìwé. Tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ, àárọ̀ ọjọ́ kejì á lọ sí wíwá ibi tí wọ́n bá ọ̀kọ̀ọ̀kan dé. Tó bá sùn tó sì jí, gbogbo rẹ̀ á wà bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Ìdí tó mọ́gbọ́n dání ni. Mi ò gbà pé iṣẹ́ mi ni láti sọ fún oníbàárà pé kó fi ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè ṣe sílẹ̀ nítorí pé èmi ò fẹ́ wá àrùn rẹ̀ rí.

Ti iná ló tún mú kí ọ̀rọ̀ náà wúwo. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì irú èyí, tó bá kàn jókòó láìṣe nǹkan gidi, lè máa fa bíi wáàtì 50. Tó bá sùn dáadáa, wáàtì díẹ̀ ni, kì í sábà ju 5 lọ. Bátìrì inverter wọn jẹ́ fóòtì 12, 200Ah. Lórí ìwé, wáàtì 2,400 fún wákàtí kan nìyẹn, ṣùgbọ́n bátìrì olómi kò yẹ ká máa fà á kọjá ìdajì bí a bá fẹ́ kó pẹ́, nítorí náà 1,200 ni ká fọkàn sí. Ẹ wá fi wáàtì 50 lọ́nà wákàtí 12. 600 nìyẹn, a ò tíì ka èyí tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ. Ìdajì agbára tó yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀ ti lọ lórí ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò lò. Níbi tí iná ìjọba ti lè má dé títí ọ̀sán, ìdajì yẹn ló ń sọ bóyá wọ́n á ra epo sí jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ náà tàbí wọn ò ní rà.

Kí n tó dé ibẹ̀, àwọn kan ti wò ó. Ẹnìkan ní kí wọ́n pààrọ̀ bátìrì kékeré tó wà lórí bọ́ọ̀dù, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn pààrọ̀ power supply. Ẹnìkẹta ní àfi kí wọ́n fọ́màtì rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń dùn mí jù, nítorí ó ti di ìwòsàn gbogbo àrùn lọ́jà kọ̀ǹpútà wa. Fọ́màtì máa ń pa ẹ̀rí rẹ́. Ẹ̀rọ ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ìgbà tó sùn, ìgbà tó jí, ohun tó jí i. Gbogbo àkọsílẹ̀ yẹn ló máa bá fọ́màtì lọ. Bí àìsùn náà bá sì wá láti ara nǹkan tí a fi wáyà so mọ́ ọn, tàbí láti ara ẹ̀rọ mìíràn tí wọ́n jọ wà lórí nẹ́tíwọ̀kì, a ó fọ́màtì tán, a ó tún to gbogbo ètò padà, a ó sì bá a níbi tí a fi í sí. Inú mi dùn pé àǹtí kọ̀ jálẹ̀.

Ká tó lọ jìnnà, ojú tó ṣókùnkùn kọ́ ni oorun. Monitor lè kú kí gbogbo ẹ̀rọ ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ nísàlẹ̀. Ó ń pirọrọ ni. Àwọn àgbà sì ti ní ẹni tó bá sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Oorun gidi ní ìlànà tirẹ̀, èyí tí Intel, Microsoft àti Toshiba gbé jáde ní December 1996, tí wọ́n ń pè ní ACPI. Nínú ìlànà yẹn, S0 ni ìgbà tí ẹ̀rọ wà lójúfò. S3 ni oorun tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀: processor dákẹ́, díìsìkì dákẹ́, fáànù dúró, ìwọ̀nba iná díẹ̀ ló ń lọ sí RAM, ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí ohun tó wà níbẹ̀ má baà sọnù. S4 ni hibernate, níbi tí ẹ̀rọ ti máa kọ gbogbo ohun tó wà nínú RAM sórí díìsìkì kó tó pa ara rẹ̀. S5 ni kíkú. Lára ẹ̀rọ àǹtí, àmì tó rọrùn jù láti fi dá oorun mọ̀ ni pé fáànù á dúró, iná bọ́tìnnì iwájú á sì máa ṣẹ́jú. Mo ní ìyẹn ni kí wọ́n máa wò, kí wọ́n gbójú kúrò lára monitor.

Mo ṣí Command Prompt, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, pẹ̀lú agbára administrator, mo tẹ powercfg /a. Àṣẹ yìí máa ń sọ irú oorun tí ẹ̀rọ lè sùn. Ó ní S3 wà, hibernate wà, hybrid sleep, àdàpọ̀ àwọn méjèèjì, náà wà. Ẹ̀rọ yìí mọ oorun sùn nìyẹn. BIOS, ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń ṣáájú Windows bẹ̀rẹ̀, kò dí i lọ́nà, driver fídíò rẹ̀, ètò tó ń darí àwòrán ojú rẹ̀, kò sì sọnù. Mo wo power plan, ibi tí a ti ń yan àkókò oorun: ojú á kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, oorun á dé lẹ́yìn 30. Kò sí àléébù níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà rèé. Wọ́n á ní "kọ̀ǹpútà mi kì í sùn", wọ́n á sì kó àìsàn méjì pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan. Nínú ọ̀kan, ẹ̀rọ kò sùn rárá: àkókò pé, ṣùgbọ́n nǹkan kan ní kó má tíì lọ. Nínú èkejì, ẹ̀rọ sùn, nǹkan kan ló wá jí i. Láàárọ̀, méjèèjì jọra, fáànù ń yí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń fa ọ̀kan kọ́ ló ń fa èkejì, àṣẹ tí a fi ń wá wọn kò sì dọ́gba. Ẹni tó bá ń wá ẹni tó jí ẹ̀rọ níbi tó jẹ́ pé ẹ̀rọ kò tilẹ̀ sùn yóò wá a títí.

Ọ̀nà tó yá jù láti yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ká fi ọwọ́ ara wa tẹ Sleep. Lórí ẹ̀rọ tó ń sùn S3, nígbà tí èèyàn bá fúnra rẹ̀ tẹ Sleep nínú Start, Windows kì í dúró gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn ètò tó ń sọ pé "má tíì sùn". Ibi tí ẹ̀bẹ̀ wọn ti ń ṣiṣẹ́ ni ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń ka àkókò fúnra rẹ̀ torí pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, tí a bá tẹ Sleep tó sùn tó sì dúró bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń dí i lọ́wọ́ là ń wá. Tó bá sùn tó tún dìde fúnra rẹ̀, ẹni tó ń jí i là ń wá.

Mo tẹ Sleep. Fáànù dúró, iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. A jókòó, àǹtí ń ṣàlàyé fún mi bí bébà ṣe gbówó lórí. Kò pẹ́ púpọ̀, fáànù ta kìjí, iná bọ́tìnnì dúró gbọin. Ojú monitor ṣókùnkùn síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Mo tẹ powercfg /lastwake, ó dárúkọ káàdì nẹ́tíwọ̀kì. Mo wá lọ sí Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí, lábẹ́ Windows Logs, nínú System, mo ṣẹ́ àwọn àkọsílẹ̀ tó wá láti Power-Troubleshooter jáde. Event ID 1 ni nọ́ńbà wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ìgbà tí ẹ̀rọ sùn, ìgbà tó jí, àti Wake Source, ìyẹn ohun tó jí i. Ìtàn tí kò sẹ́ni tó lè rò fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ibẹ̀ ló wà. Ọ̀pọ̀ dárúkọ káàdì nẹ́tíwọ̀kì. Àwọn kan, tó sábà jẹ́ ìrọ̀lẹ́, dárúkọ USB. Àwọn mìíràn, lóru, dárúkọ Timer, ìyẹn álámù inú ẹ̀rọ, aago kan náà ni lálaalẹ́. Mo da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé pẹ̀lú aago wọn. Ti Timer yẹn ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà náà.

Káàdì nẹ́tíwọ̀kì kì í sùn tán nígbà tí kọ̀ǹpútà bá sùn, bí a bá ti gbà á láyè láti jí i. Ilé iṣẹ́ ńlá máa ń lo àyè yìí kí ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ wọn lè jí wọn láti orí ìjókòó rẹ̀. Wake on LAN ni wọ́n ń pè é. Ìpè tó ye kooro fún un ni magic packet: báìtì 6 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ FF, lẹ́yìn náà àdírẹ́ẹ̀sì MAC káàdì yẹn, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, ní ìgbà 16 léraléra. Kò sí bí irú ìpè bẹ́ẹ̀ ṣe lè ṣèèṣì wáyé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ káàdì tún máa ń jí ẹ̀rọ fún ìpè tí kò tó bẹ́ẹ̀, bíi kí ẹ̀rọ mìíràn kàn béèrè pé ta ló ni àdírẹ́ẹ̀sì báyìí, tàbí ta ló ń jẹ́ orúkọ báyìí. Nínú ṣọ́ọ̀bù àǹtí, laptop ọmọ iṣẹ́ wọn wà lórí tábìlì kejì, ó sì máa ń wá fódà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n pín láti ara kọ̀ǹpútà yìí. Router ń jẹ iná lára inverter, kì í kú tọ̀sán-tòru. Gbogbo ìgbà tí laptop yẹn bá ké sí kọ̀ǹpútà, káàdì á gbọ́, á sì jí ọ̀gá rẹ̀.

Nínú Device Manager, lórí káàdì náà, ojú ìwé kan wà tó ń jẹ́ Power Management. Ẹni tó bá nílò láti máa jí ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn, kó máàkì "Only allow a magic packet to wake the computer", ìyẹn á ti ìpè ṣákálá mọ́ta. Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, kò sẹ́ni tó ń jí ẹ̀rọ láti ibòmíràn, nítorí náà mo yọ máàkì "Allow this device to wake the computer" kúrò pátápátá. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn lọ́jọ́ yẹn. Tí èèyàn bá yí nǹkan márùn-ún pa dà lẹ́ẹ̀kan náà tí ara ẹ̀rọ sì yá, kò mọ èyí tó wò ó sàn, nígbà tí àìsàn bá sì padà dé, ìbẹ̀rẹ̀ ló tún máa ti bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ káàdì nẹ́tíwọ̀kì pòórá nínú àkọsílẹ̀ ìjí láti ìgbà náà. Ti USB ṣì kù. Àṣẹ powercfg /devicequery wake_armed máa ń to orúkọ gbogbo ohun tó ní àṣẹ láti jí ẹ̀rọ. Ó kù kíbọ́ọ̀dù àti máòsì. Mo fi aago inú ìwé mi wé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ládùúgbò. Ìrọ̀lẹ́ ni aládùúgbò wọn máa ń tan jẹnẹrétọ̀, ògiri kan náà ni wọ́n sì jọ fara tì, tábìlì á máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Máòsì oníná abẹ́ máa ń wo ojú tábìlì ni; tí tábìlì bá mì, lójú tirẹ̀ ẹnìkan ló fà á. Mo gba àṣẹ ìjí lọ́wọ́ máòsì, mo fi í sílẹ̀ fún kíbọ́ọ̀dù, nítorí ó yẹ kí ohun tí ọwọ́ lè tètè tẹ̀ ṣì kù lórí tábìlì.

Apá tó le jù ló kù. Mo dín àkókò oorun kù sí ìṣẹ́jú 5 fún ìdánwò, mo fi ojú Command Prompt sílẹ̀ ní ṣíṣí, mo sì ní kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é, kí wọ́n kàn má ṣe fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yẹn fún ìgbà díẹ̀. Àkókò pé, ó kọjá. Fáànù ń yí. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ ká bi ẹ̀rọ léèrè, ìgbà tó yẹ kó sùn tí kò sùn, torí ohun tó dí i lọ́wọ́ láàárọ̀ lè má sí níbẹ̀ lọ́sàn-án. Àṣẹ rẹ̀ ni powercfg /requests. Ó máa ń to orúkọ gbogbo ẹni tó ń bẹ ẹ̀rọ pé kó má sùn sábẹ́ àkọlé bíi DISPLAY, SYSTEM, AWAYMODE àti EXECUTION. DISPLAY ni ti àwọn tí kò fẹ́ kí ojú kú, bíi fídíò tó ń lọ. SYSTEM ni ti àwọn tí kò fẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sùn.

Ìlà méjì ló wà lábẹ́ SYSTEM. Ọ̀kan jẹ́ \FileSystem\srvnet, apá Windows tó ń pín fódà fún ẹ̀rọ mìíràn, ó ní ẹ̀rọ kan láti ìta ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè nǹkan lọ́wọ́ òun. Èkejì dárúkọ máíkì USB, ó ní ìṣàn ohùn kan ń lọ lọ́wọ́.

Ti srvnet kọ́kọ́. Mo ṣí fsmgmt.msc, ibi tí a ti ń rí àwọn fódà tí a pín, mo wo Open Files, mo rí i pé laptop ọmọ iṣẹ́ ṣí ìwé kan tààrà láti inú fódà tí wọ́n pín. Ọmọ náà ti jáde lọ ra oúnjẹ; ìwé ṣì wà ní ṣíṣí. Níbí, ẹ̀rọ ló jàre. Kò yẹ kí kọ̀ǹpútà sùn nígbà tí ẹlòmíràn ń kọ̀wé sínú díìsìkì rẹ̀. Mo mọ̀ pé àṣẹ kan wà, powercfg /requestsoverride, tí a lè fi sọ fún Windows pé kó má ka ẹ̀bẹ̀ yìí sí, mo sì ti rí àwọn tó ń fi í tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ oorun. Mi ò lò ó. Tí a bá lò ó níbí, lọ́jọ́ kan ẹ̀rọ á sùn nígbà tí ọmọ yẹn bá ń tẹ Save, iṣẹ́ àkànṣe ọmọ ọlọ́mọ á sì bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó fi í sílẹ̀ ní ẹ̀ka rẹ̀. Ojútùú tó tọ́ ni pé kó máa pa ìwé dé tó bá parí, kó sì pa laptop rẹ̀ kó tó lọ sílé. Ọmọ náà gbà, kò jiyàn.

Ti máíkì gba àkókò jù. Àǹtí máa ń tan rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì nínú bíráúsà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, mo sì kọ́kọ́ pa ìyẹn. Mo tún bèèrè. Ìlà yẹn dúró. Mo pa gbogbo ètò tó wà ní ṣíṣí, ó ṣì dúró. Mo yọ máíkì, ó lọ. Mo tún kì í bọ̀ ọ́, láìṣí ètò kankan ní ṣíṣí, ó padà dé. Ìyẹn ló fi hàn mí pé kì í ṣe ètò kan ló ń lò ó, Windows fúnra rẹ̀ ló ń fa ohùn láti inú rẹ̀. Mo lọ sí Sound, sí Recording, sí Properties máíkì náà, sí ojú ìwé Listen. "Listen to this device" wà ní mímáàkì. Ohun tí máàkì yẹn ń ṣe ni pé ó máa ń gbé ohun tí máíkì bá gbọ́ lọ sínú sípíkà lójú ẹsẹ̀, tọ̀sán-tòru, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sípíkà wà ní pípa. Níwọ̀n ìgbà tí máíkì bá ti wà nínú ihò USB, ìṣàn ohùn ò ní dá, ẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ̀rọ má sùn ò sì ní dá. Ẹnìkan ti fẹ́ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n ra máíkì náà, ó máàkì í, ó gbàgbé. Ta ni kò lè ṣe irú ìyẹn?

Máíkì yìí kì í wà lára ẹ̀rọ lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbohùn ìpolówó sílẹ̀ fún àwọn oníbàárà, ìkéde ìsìn tàbí ọjà tuntun, ni wọ́n máa ń kì í bọ̀ ọ́, wọ́n sì máa ń fi í síbẹ̀ dalẹ́. Mo bi àǹtí pé ọjọ́ wo ni wọ́n gbohùn sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ṣí ìwé owó wọn. A fi àwọn ọjọ́ yẹn wé àwọn òru tí ẹ̀rọ wà lójúfò mọ́jú nínú Event Viewer. Wọ́n bá ara mu, àyàfi òru kan tó jẹ́ pé laptop ni wọ́n gbàgbé ní títàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣì wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kó yé ẹni tó bá ń kà á. Mo ti sọ pé tí a bá fọwọ́ tẹ Sleep, ẹ̀rọ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àǹtí sì máa ń tẹ Sleep lálaalẹ́. Báwo wá ni máíkì ṣe ń gbé e dúró mọ́jú? Ibí ni Timer ti wọlé. Mo tẹ powercfg /waketimers, àṣẹ tó ń sọ álámù tó kàn tí yóò jí ẹ̀rọ. Ètò kan tó ń ṣe ẹ̀dà fáìlì sórí díìsìkì ìta ló wà níbẹ̀; wọ́n ti yàn án pé kó máa jí ẹ̀rọ láàárín òru, kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kó sì jẹ́ kó padà sùn. Nígbà tí Windows bá jí láìjẹ́ pé èèyàn ló jí i, kì í dúró fún ìṣẹ́jú 30 tí a yàn sínú power plan. Aago mìíràn ló ń lò, èyí tí a fi pamọ́ sẹ́yìn, ìṣẹ́jú 2 ló sì máa ń jẹ́ bí kò bá sẹ́ni tó yí i pa dà. Lóru tí máíkì kò sí lára rẹ̀, ètò yẹn á jí i, á ṣe ẹ̀dà, ìṣẹ́jú 2 á pé, ẹ̀rọ á padà sùn, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó jí rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni káàdì nẹ́tíwọ̀kì: ó ti ń jí i láti ìgbà pípẹ́, ẹ̀rọ á ṣíjú, á tún di í. Lóru tí máíkì bá wà níbẹ̀, ẹni tó bá jí i kò ṣe pàtàkì, kò ní rí ọ̀nà padà sínú oorun títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ohun tó fi dà bíi pé ó ní ọjọ́ tó wù ú nìyẹn. Ẹni tó ń jí i wà, ẹni tó ń dí i lọ́wọ́ wà, àfi tí àwọn méjèèjì bá pàdé lóru kan náà kí wàhálà tó ṣẹ́yọ. Ẹni tó wo ọ̀kan láìwo èkejì lè yọ káàdì nẹ́tíwọ̀kì, kó rí oorun mọ́jú fún ìgbà díẹ̀, kó gbowó, kó sì lọ.

Mo yọ máàkì Listen kúrò. Ní ti ètò ẹ̀dà, mo rọ àǹtí pé kí wọ́n má ṣe pa á rárá, nítorí iṣẹ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn. A kàn gbé àkókò rẹ̀ sí ọ̀sán nígbà tí ṣọ́ọ̀bù bá ṣí, a sì yọ máàkì "Wake the computer to run this task" kúrò lára rẹ̀ nínú Task Scheduler.

Nǹkan kan ṣì kù tí ẹnikẹ́ni kò bi mí, ṣùgbọ́n tó yẹ kí ẹni tó ń gbé níbi tí iná ti ń lọ ṣáá mọ̀. Inú RAM ni oorun S3 máa ń fi gbogbo nǹkan sí. Bí inverter bá kú lóru, ohun tí a kò tíì fi pamọ́ ti lọ. Hybrid sleep wà fún irú èyí: ẹ̀rọ á sùn bíi S3, ṣùgbọ́n á ti kọ́kọ́ kọ ẹ̀dà ohun inú RAM sórí díìsìkì. Bí iná bá wà mọ́jú, á jí kíákíá láti inú RAM. Bí iná bá lọ, á kó gbogbo rẹ̀ padà láti orí díìsìkì. Nínú Power Options, lábẹ́ Sleep, mo rí i pé Allow hybrid sleep wà ní On. A fi gbogbo ìwé pamọ́ ná, mo tẹ Sleep, mo yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, mo dúró díẹ̀, mo kì í padà, mo tan án. Gbogbo ojú ìwé padà wá bí wọ́n ṣe wà. Àǹtí ní kí n tún un ṣe kí àwọn lè rí i dáadáa.

Ẹni tó bá ní laptop tuntun lè rí i pé àwọn àṣẹ yìí kò sọ ohun kan náà fún òun. Láti ìgbà Windows 8, ní 2012, irú oorun mìíràn ti wà, tí a mọ̀ sí Modern Standby lónìí: ẹ̀rọ kò wọ S3, inú S0 ló wà tó ń fa iná díẹ̀díẹ̀ bíi fóònù, ó sì lè máa gba íméèlì lójú oorun. Tí powercfg /a bá sọ pé S0 Low Power Idle ló wà, powercfg /sleepstudy ni kí ẹ tẹ̀. Ó máa ń kọ ìròyìn tí a lè ṣí nínú bíráúsà, á sì fi ohun tó jẹ bátìrì lójú oorun hàn. Irú laptop bẹ́ẹ̀, tó bá fẹ́ wọnú báàgì fún ìrìn àjò, hibernate ni mo máa ń dámọ̀ràn, torí tí a bá kàn jẹ́ kó sùn, ó lè jí nínú báàgì kó sì gbóná gan-an. Lórí Linux, systemd-inhibit --list á sọ ẹni tó ń dí ẹ̀rọ lọ́wọ́, fáìlì /proc/acpi/wakeup á sì sọ ohun tó lè jí i. Lórí Mac, pmset -g assertions ló ń ṣe iṣẹ́ powercfg /requests.

Mo padà lọ wo Event Viewer lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti rọlẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù àti bọ́tìnnì iwájú nìkan ló kù nínú Wake Source, àárọ̀ sì ni gbogbo wọn. Ọmọ iṣẹ́ ti lẹ bébà kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ monitor: pa ìwé inú fódà dé, pa laptop, yọ máíkì, tẹ Sleep, dúró wo iná títí yóò fi ṣẹ́jú. Ohun tí mo bá wọn ṣe àdéhùn lé lórí ni pé bí wọ́n bá tún bá fáànù tó ń yí láàárọ̀, kí wọ́n má ṣe tún ẹ̀rọ tàn, kí wọ́n má sì yọ ohunkóhun lára rẹ̀. Kí wọ́n tẹ powercfg /requests àti powercfg /lastwake, kí wọ́n ya fọ́tò ohun tó bá hàn, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.